Ẹjọ́ Ẹṣin Tó Ń Dúró Ya Fótò

Nílé wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yìn Iléyá ni wọ́n máa ń gun ẹṣin lọ kí ọba. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gùn ún o. Àgbà kan ló ń gùn ún lórúkọ gbogbo ilé. Bó bá gùn ún lọ́dún yìí, ó di ti ẹlòmíì lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti ń dúró de ọdún tirẹ̀. Ó ta ẹja, ó ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ó bímọ, ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ẹlòmíì ló ṣì ń gun ẹṣin. Nígbà tó wá kàn án, orúnkún rẹ̀ ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Dókítà ní bí kò bá gùn ún lọ́dún yìí, kó má wulẹ̀ ronú ti ọdún mìíràn mọ́. Bàbá ní, "Dókítà, ọdún yìí náà ni mo ń bá yín sọ."

Ẹṣin tí ìdílé dáwó rà fún un jẹ́ akọ, ó pupa rúsúrúsú, ó dára lójú, kò sì mọ nǹkan kan. Bí ẹnìkan bá húkọ́, á fò. Bí ẹnìkan bá ṣí agboòrùn, á tún fò. Ó di dandan ká wá ẹni tí yóò kọ́ ọ. Èmi tí mò ń gbé ní Láṣùnwọ̀n, tí mò ń ta táìlì àti ọ̀dà ní Benson ní Ìkòròdú, ni wọ́n ní kí n wá ẹni náà, nítorí wọ́n gbà nílé wa pé kò sí irú èèyàn tí èèyàn ò lè rí ní Ìkòròdú. Wọn ò parọ́. Lẹ́yìn Ìgbògbò, mo rí ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ní ọgbà gbalasa kan, tó kọ́ ilé onípáànù sínú rẹ̀ fún ẹṣin, tó sì ń kọ́ ẹṣin àwọn olówó. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ẹnu dídùn yẹn gan-an ló yẹ kí n fi fura.

Ó wá sí Ẹ̀pẹ́ fún àdéhùn. A jókòó sábẹ́ páànù iwájú ilé, Bàbá, èmi, olùkọ́ ẹṣin, àti Àáfà àdúgbò, tó dàgbà ju Bàbá lọ díẹ̀. Ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà, nítorí náà mo fa bébà kan yọ nínú báàgì.

"Kí nìyẹn?" Bàbá bi mí.

"Ká kọ ohun tí a bá jọ sọ sílẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé o fẹ́ bá èèyàn ṣe àdéhùn ni, àbí o ti fẹ́ bá a jà?"

Mo dá bébà padà sínú báàgì. Nílé wa, àdúà Fátíà ni à ń fi parí àdéhùn. Ẹ ó jókòó, ẹ ó sọ̀rọ̀ yí ká, ẹ ó rẹ́rìn-ín, Àáfà yóò wá tẹ́ ọwọ́, yóò ṣàdúà, ẹ̀yin yóò sì máa fi àmín gbè é. Bí ẹ bá ti fọwọ́ pa ojú tán, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún béèrè ìbéèrè lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ kọ́ ẹṣin, kò béèrè ohun tí kò gbọdọ̀ fi ẹṣin ṣe. Olùkọ́ ẹṣin ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹṣin yìí á gbọ́n ju èmi fúnra mi lọ." A rẹ́rìn-ín. Àáfà ṣàdúà, ó gùn, ó sì dùn. A ṣe àmín títí ẹnu fi gbẹ. Wọ́n ti ẹṣin sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Ìkòròdú.

Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó ráyè lọ wò ó dáadáa. Olùkọ́ mú un jáde, ara rẹ̀ ń dán. Mo yọ fóònù kí n lè yà á fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Bí mo ṣe gbé fóònù sókè báyìí, ẹṣin dúró. Ó tẹ ọrùn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó yí ẹ̀gbẹ́ òsì sí mi, ó sì ń wò mí pé, ó yá, kí lò ń dúró dè? N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo yà á, mo tún un yà. Nígbà tí fótò dé Ẹ̀pẹ́, Bàbá fi ohùn ránṣẹ́ padà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Mo rí i pé ẹṣin náà kò kúrò lójú kan títí olùkọ́ fi yára ki kárọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo rò pé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni.

Nígbà tó kù bí oṣù kan àbọ̀ kí ọdún dé, Bàbá wá sí Ìkòròdú láti dán an wò. Èmi, dẹ́rẹ́bà mi àti olùkọ́ la jọ gbé e gun ẹṣin. Ó jókòó, ó na ẹ̀yìn tọ́, ẹṣin náà sì rìn jáde sójú títì Ìgbògbò jẹ́jẹ́. Inú mi dùn débi pé omi ń bọ̀ lójú mi. Ọlọ́kadà kan rí wọn, ó dúró, ó yọ fóònù. Ẹṣin náà dúró. Ó tẹ ọrùn, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọlọ́kadà kejì yọ fóònù. Àwọn obìnrin tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá yọ tiwọn. Bí fóònù ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹṣin ń yí ẹ̀gbẹ́ sí wọn níkọ̀ọ̀kan, kó má bàa sí ẹni tí kò rí òun dáadáa. Bàbá fa ìjánu, kò lọ. Bàbá jágbe mọ́ ọn, kò lọ. Bàbá bẹ̀ ẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kejì sókè. Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń bú wa. Ìgbà tí obìnrin kan tó ń ta àgbàdo sísè fi àgbàdo kan ta á lọ́rẹ ni ẹṣin tó gbà láti rìn.

Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Àṣé ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹṣin ọjọ́ìbí mà nìyẹn! Wọ́n mú un wá síbi ọjọ́ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wa la bá a ya fótò. Bẹ́ ẹ bá ti yà á tán, ẹ óò fún un ní kárọ́ọ̀tì."

Mo yíjú sí olùkọ́ ẹṣin. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

A gbé Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó wá di apá mi mú, ó ní, "Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló máa yọ fóònù." Ohùn rẹ̀ kéré. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Inú kì í pẹ́ bí mi, àwọn ará Benson lè jẹ́rìí sí i. Mo sọ fún olùkọ́ ẹṣin pé yóò ṣẹ̀wọ̀n. Mo ní ẹ̀wọ̀n tí yóò ṣe, wọn ò tíì kọ́ ọ. Inú bí òun náà. Ó ní bí a kò bá san owó oúnjẹ tí ẹṣin ti jẹ, ẹṣin kò ní jáde nínú ọgbà òun. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà tẹ́tí sí mi dáadáa.

"Ṣé ó jí ẹṣin ni, Màdáàmù?"

"Rárá, àwa la fà á lé e lọ́wọ́."

"Ṣé ó ń lù ú ni? Ṣé ẹṣin rù?"

"Ẹṣin sanra jù mí lọ."

"Àbí ó kọ̀, kò kọ́ ọ?"

"Ó kọ́ ọ. Ohun tí a ò ní kó kọ́ ọ ló kọ́ ọ."

Ó ronú sí i. Ó ní ẹjọ́ àdéhùn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá, kí n lọ rí lọ́yà. Mo ti ń jáde lọ nígbà tó pè mí padà, pé ṣé fótò ẹṣin náà wà lọ́wọ́ mi. Mo fi hàn án. Ó wò ó títí, ó mi orí, ó ní, "Àmọ́ ó mọ pósì o, ká sòótọ́."

Lọ́yà tí mo mọ̀ jẹ́ obìnrin kan tó máa ń ra táìlì lọ́wọ́ mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́ ẹjọ́ mi, ó jókòó lórí páálí táìlì, ó fi bírò sẹ́yìn etí.

"Mọ́mì, mo lè bá yín kọ lẹ́tà sí i, kí ara ẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Bí kò bá gbọ̀n, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó. Ìyẹn kì í pẹ́ tó kóòtù ńlá. Ẹ sì lè lọ síbi ìlàjà ti ìjọba, kí wọ́n pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó."

"Bí mo bá kó àwọn ọmọkùnrin lọ sọ́gbà ẹ̀, tí mo lọ fipá gbé ẹṣin mi ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn ni ọlọ́pàá máa tó rí ọ̀ràn. Ẹ̀yin ni wọ́n sì máa mú."

Mo ní kóòtù ló wù mí. Ó ní kò burú, pé àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni lójú òfin, bí ẹlẹ́rìí bá ṣáà ti wà. Ó yọ bírò lẹ́yìn etí.

"Kí lẹ jọ ṣe àdéhùn lé lórí gan-an?"

"A ṣàdúà."

"Kẹ́ ẹ tó ṣàdúà ńkọ́?"

"A rẹ́rìn-ín."

Ó dá bírò padà sẹ́yìn etí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí ni àdúà náà sọ? Mo ronú títí, àmín nìkan ni mo rántí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mọ́mì, bí adájọ́ bá dá yín láre lónìí, owó ló máa ní kó san. Adájọ́ ò lè kọ́ ẹṣin, ọdún ò sì ní dúró de adájọ́. Kí ni Bàbá ń fẹ́?"

"Bàbá fẹ́ gun ẹṣin."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi fẹ́ kí ọkùnrin yẹn ṣẹ̀wọ̀n."

"Ẹ mú ọ̀kan."

Ó dùn mí o, n kò ní purọ́. Ẹ̀wọ̀n yẹn wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo mú ti Bàbá.

Báyìí la ṣe dé ibi ìlàjà, yàrá kékeré kan tó ní fáànù àti tábìlì gígùn. Obìnrin tó fẹ́ là wá jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ láti etí òkun Oǹdó, onígbàgbọ́ ni, ó fi àgbélébùú wẹ́wẹ́ sọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá àti Àáfà, tí a gbé wá láti Ẹ̀pẹ́ pé kó jẹ́rìí, kó tó jókòó sáyè rẹ̀. Olùkọ́ ẹṣin ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti ilé. Ó ní òun kò yẹ àdéhùn kankan. Ó ní àdúà tí Àáfà ṣe lọ́jọ́ náà ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ayé máa wo ẹṣin náà, kí àwòrán rẹ̀ kárí ilé, kárí oko.

"Gbogbo wa la ṣe àmín, Màdáàmù. Àlàájà yìí gan-an ni tiẹ̀ ròkè jù. Èmi wá rò ó pé, báwo ni gbogbo ayé á ṣe wò ó nínú ọgbà? Ni mo bá ń gbé e jáde."

Mo ti dìde dúró. Onílàjà ní kí n jọ̀ọ́, kí n jókòó. Ó yíjú sí Àáfà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ sọ nínú àdúà ọjọ́ náà?"

"Ọmọ mi, àdúà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń há sórí. Bó bá ṣe ń bọ̀ ni mo ṣe ń gbé e."

"Ẹ kàn fi bó ṣe rí hàn wá ni, Bàbá. Díẹ̀ péré."

Kò mọ ohun tó tọrọ. Àáfà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí bí Àáfà yóò ṣe máa ṣàdúà tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yóò káwọ́ gbera, ì báà jẹ́ níwájú òfin. Bàbá tẹ́ ọwọ́. Èmi náà tẹ́ ọwọ́. Olùkọ́ ẹṣin tẹ́ tirẹ̀. Àáfà ṣàdúà fún ẹṣin, ó ṣàdúà fún orúnkún Bàbá, ó ṣàdúà fún ìjọba, ó ṣàdúà pé kí iná má lọ kí fáànù má bàa dúró. Onílàjà wò wá títí. Nígbà tó yá, òun náà dijú, ó ń ṣe àmín.

Ibi tí Àáfà ti dúró mí ni onílàjà ti dá sí àdúà náà, kò lajú, ó rọra ní, "Bàbá, ẹ bá wa fi kún un, kí ẹṣin yìí má tún dé ibi ọjọ́ìbí kankan mọ́ títí ọdún á fi kọjá."

"Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó dé ibi ọjọ́ìbí kankan mọ́."

Àmín. Olùkọ́ ẹṣin náà ṣe é. Àmín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Kí olùkọ́ rẹ̀ tún un kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, títí tí kò fi ní máa dúró fún fóònù mọ́."

Àmín.

"Kí Bàbá máa wá gùn ún, kí wọ́n lè mọwọ́ ara wọn."

Àmín.

"Oúnjẹ tí ẹṣin jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló fi fótò ṣiṣẹ́ ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ohùn olùkọ́ ẹṣin lọ sílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín.

"Kí Àlàájà má sì dárúkọ ẹ̀wọ̀n mọ́."

Wọ́n ṣe àmín, àfi èmi. Mo la ojú kan, mo rí i pé Bàbá náà ti la ojú kan, èmi ló ń wò. Mo ṣe àmín. Àáfà parí àdúà, a fọwọ́ pa ojú, onílàjà sì tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà bó ti wà nínú àdúà, a fọwọ́ sí i. Bàbá kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ jà.

Olùkọ́ ẹṣin ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ẹṣin rí fóònù títí fóònù á fi sú u, kí kárọ́ọ̀tì má sì tẹ̀ lé e. Ni mo bá ń kó àwọn ọlọ́kadà Benson lọ sí Ìgbògbò. A ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, a ó gbé fóònù sókè. Ẹṣin á dúró, á tẹ ọrùn, á máa retí. Kò sí nǹkan kan. Á yí ẹ̀gbẹ́ kejì, bóyá ẹ̀gbẹ́ yẹn la fẹ́. Kò sí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wá fà ro lọ́jọ́ kan débi pé ọlọ́kadà kan ní òun ò lè bá wa ṣe iṣẹ́ ìkà yìí mọ́, ó sì lọ ra kárọ́ọ̀tì wá. Mo lé e jáde, òun àti kárọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí ẹṣin bá rìn kọjá láìdúró nìkan ni Bàbá á tẹ̀ síwájú lórí gàárì, á fún un ní kárọ́ọ̀tì tirẹ̀.

Olùkọ́ ẹṣin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ nígbà náà. Ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orúnkún Bàbá sí ibi tí kò ti ní dùn ún, ó ń sọ pé, "Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ fi ìdí sọ̀rọ̀ fún un, á gbọ́." Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ dá yí ọgbà ká, òun ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó wù mí kí n máa bínú sí i lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn.

Ọjọ́ ọdún dé. Bàbá jáde nínú agbádá funfun, olùkọ́ ẹṣin ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ìjánu. Bí wọ́n ṣe yọ sójú títì ni fóònù lọ sókè, láti orí ilẹ̀ títí dé orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹṣin na etí. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mò ń pariwo pé, "Ẹ yà á! Ẹ yà á dáadáa! Kò ní dúró!" Àwọn tí kò mọ̀ mí ń bi ara wọn léèrè bóyá orí mi pé.

A dé iwájú ọba. Ẹṣin tí a ti kọ́ pé kó má dúró, kò dúró. Ó ń kọjá lọ níwájú Kábíyèsí pẹ̀lú bàbá mi lẹ́yìn. Mo káwọ́ lérí. Olùkọ́ ẹṣin na ọwọ́ sí ìjánu, Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀." Bàbá fúnra rẹ̀ fa ìjánu díẹ̀, ó sún ìdí sẹ́yìn. Ẹṣin dúró. Bàbá tẹrí ba, ẹṣin náà tẹ ọrùn, ọba sì gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Ariwo sọ. Mo sunkún gidi, ìpara ojú mi bà jẹ́, n kò sì bìkítà.

Nígbà tí a padà dé iwájú ilé, a tò yí ẹṣin ká láti gbé Bàbá sọ̀. Mo na ọwọ́ sí i. Kò na tirẹ̀.

"Ṣé orúnkún ni, Bàbá?"

"Ó ń dùn mí wọ eegun."

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀ yín, kẹ́ ẹ lè fi omi gbígbóná sí i."

Ó wo ọ̀nà tí a gbà wá, ó wo gbogbo wa láti òkè. "Bí mo bá sọ̀ báyìí," ó ní, "mo sọ̀ nìyẹn."

Olùkọ́ ẹṣin wò mí, èmi náà wò ó. Ó ní, "Bàbá, etí ọ̀sà ò jìnnà síbí. Ṣé ká dé ibẹ̀?" Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. Ọkùnrin náà di ìjánu mú lápá òsì, èmi dì í mú lápá ọ̀tún, a yí ẹṣin padà, a sì tún mú un lọ.